Hóró Pupa Tí Ọmọ Ọ̀gá Gbé Wá

Bí ẹ bá fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Àsàmáù sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ Bàbá Ògúntúndé fún un. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó dárúkọ náà o, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé "Ká apá aṣọ sókè," "Mí kanlẹ̀," "Ó yá, máa lọ ilé" ni gbogbo ìwàásù rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, á fa àga, á tú gèlè, á gbàgbé pé Èsìẹ́ lòun wà. Òmù-Àrán ọdún 1984 ló ti padà sí yẹn.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Kò tíì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá tó bí i ló mú un lọ sí ilé oògùn kékeré kan pé kó máa fọ ìgò, kó máa gbálẹ̀, títí ilé-ẹ̀kọ́ á fi gbà á. Ògúntúndé ló ni ibẹ̀, Bàbá Dísípẹ́ńsà ni gbogbo ìlú sì ń pè é, nítorí òun ló ń wọn oògùn, òun ló ń pò ó, òun náà ló ń rọ ọ́ fún aláìsàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe hóró. Omi dúdú kan ni, tó ń rùn bí irin tó dípẹtà, inú ìgò ràgàjì kan ló sì máa ń wà. Aboyún á gbé ìgò tirẹ̀ wá láti ilé, Àsàmáù á fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, Bàbá á rọ oògùn sí i. Ṣùgbọ́n oògùn náà máa ń sọ eyín di dúdú. Torí èyí ni Bàbá ṣe gbin ìbẹ́pẹ méjì sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe torí èso rẹ̀, torí ọ̀pá ewé rẹ̀ ni. Á gé e, á fún aboyún kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan kí wọ́n máa fi fa oògùn mu, kó má bàa kan eyín wọn. Á ní ẹni tó bá fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ lè rẹ́rìn-ín sí ọmọ.

Títí di òní, bí òjò bá pa irin ẹnu-ọ̀nà, tí òórùn rẹ̀ ta sí Àsàmáù nímú, ọkàn rẹ̀ á ṣí lọ sí ilé oògùn yẹn. Á máa wù ú kó tún rí ara rẹ̀ lẹ́bàá agbada omi gbígbóná, kí ẹnì kan tún máa jágbe mọ́ ọn pé ìgò kò tíì mọ́.

Àmọ́ ìgò fífọ̀ nìkan kọ́ ló kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, oògùn afáralókun oníhóró bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, àwọn tó ń tà á sì ní ẹnu ju ayékòótọ́ lọ. Bàbá kì í fi ọ̀kankan sórí pẹpẹ láìdán an wò. Á kọ́kọ́ ka ara ike rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n fi pe òun lẹ́jọ́: ta ló ṣe é, níbo, ọjọ́ wo ni yóò bàjẹ́, báwo ni ohun tó wà nínú hóró kan ṣe wúwo tó. Èyí tó bá ní òun ń fún ni lẹ́jẹ̀, òun ń wo ẹ̀yìn dídùn, òun tún ń lé àlá burúkú, á dá a padà fún olówó rẹ̀. "Oògùn tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, kò rí iṣẹ́ ṣe ni." Lẹ́yìn ìyẹn, á ju hóró kan sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì wo aago fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní èyí tí kò bá yọ́ níbẹ̀, kò ní yọ́ nínú ikùn. Bó bá yọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Òun àti Àsàmáù á máa gbé e mì lójoojúmọ́, Bàbá á sì bèèrè láràárọ̀, láìtijú, níwájú oníbàárà: "Àsàmáù, báwo ni ìgbọ̀nsẹ̀ lónìí?" Nítorí ojúlówó oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbọ̀nsẹ̀ di dúdú. Ilẹ̀ ì bá lanu gbé ọmọge náà mì nígbà náà. Nísinsìnyí, ẹ̀rín ló máa ń pa á, omi á sì lé sí i lójú.

Ó rántí ọdún tí àna Bàbá gan-an gbé páálí méjì wá. Hóró inú rẹ̀ kọ̀, kò yọ́. Bàbá gbé páálí méjèèjì lọ sí ṣáláńgá, ó dà wọ́n sí i níṣojú ẹni tó gbé e wá. Ó ní àna ni àna, inú ọmọ èèyàn ni inú ọmọ èèyàn.

Àsàmáù kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ìjọba sì rán an lọ sí Òkè-Ọdẹ. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Bàbá kú. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti gé ọ̀nà, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ìgbà tó fi máa rìn, tó máa gun alùpùpù, tó máa tún rìn dé Òmù-Àrán, wọ́n ti rọ́ erùpẹ̀ bo sàréè. Kò rí ojú Bàbá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn ún dé egungun.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ṣí ilé ìgbẹ̀bí oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sí Èsìẹ́, ìlú ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́rú ni ti àwọn aboyún. Oògùn tó bá máa fún wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun yàn án. Ìwé ara ike, ọsàn wẹ́wẹ́, aago ara ògiri, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ara rẹ̀: bí Bàbá ṣe ń ṣe é náà ló ń ṣe é. Àwọn obìnrin a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nọ́ọ̀sì àwọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ oògùn aboyún kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Ìléyá, mọ́tò kan dúró níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, ó tẹ apá òsì díẹ̀ bó ti ń rìn. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Àsàmáù. Ìrìn Bàbá ni.

"Ẹ̀yin ni Àǹtí Àsàmáù, àbí? Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ni mí, ọmọ Bàbá Dísípẹ́ńsà."

Ọmọ tí òun máa ń pọ̀n sẹ́yìn fọ ìgò nìyẹn! Ó dì mọ́ ọn, ó sunkún, ó sè fún un, ó sì bi í ní ìbéèrè títí oúnjẹ fi tutù. Ọpẹ́ ti ní ilé ìtajà oògùn ńlá ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó gbé páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ kan jáde, hóró pupa tó ń dán, ó ní èyí làwọn èèyàn ń béèrè lóde báyìí. Àsàmáù ka ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà lórí tábìlì, kò ju ọwọ́ nínà lọ, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ṣé ọmọ Bàbá ló máa fi sínú omi kíkan níwájú ara rẹ̀? Ọpẹ́ lọ tán, kò dán an wò. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni hóró pupa ṣe gun orí pẹpẹ.

Nínú àwọn aboyún ọjọ́rú, Toyyibat ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí Àsàmáù sùn. Ìyàwó Ndagi ni, àgbẹ̀ kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti ìhà Ṣáárè, tí Yorùbá àti Nupe jọ wà lẹ́nu wọn. Nígbà tí Toyyibat bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ débi pé wọ́n ti ń wá aṣọ funfun. Oyún kejì ti wá pé oṣù márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kó ju ọgbọ̀n lọ. Bí kò bá gòkè kó tó rọbí, tí irú ti àkọ́kọ́ bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní yè é. Àsàmáù fún un ní hóró pupa, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Mẹ́rìnlélógún.

"Ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ ń kọ́? Ṣé ó dúdú?"

"Rárá, mà. Bó ṣe máa ń rí náà ló rí."

Àsàmáù mi orí. Ó ti mọ̀, àbí ó rò pé òun mọ̀. Ní agbo ilé bíi tiwọn, ohun tí ìyàwó bá mú ti òde bọ̀, ọwọ́ ìyá ọkọ ló ń kọ́kọ́ dé. Ìyá á mú díẹ̀, á pín díẹ̀, á dá ìyókù padà, kò sí ẹni tó kà á sí olè. Ní Òkè-Ọdẹ, ó ti rí oògùn aboyún kan ṣoṣo tí ẹni mẹ́fà jọ jẹ, tí baba àgbà ilé wà nínú wọn. Ìyá Ndagi ló sì tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í pẹ̀lú ìborùn rẹ̀.

"Màmá," ni Àsàmáù wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè ju bó ti yẹ lọ, "hóró mélòó lẹ máa ń mú nínú oògùn ìyàwó yín?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Oògùn aboyún kì í ṣe obì tí a ń pín, Màmá. Ẹ jẹ́ kó máa dá a jẹ."

Nǹkan bí ogún obìnrin ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín bú sáyé. Toyyibat di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. "Mà, wálláhì, èmi nìkan ni mo ń lò ó."

"Dákẹ́. Ìyá ọkọ rẹ lò ń bò."

Ìyá Ndagi dìde, ó tún ìró rẹ̀ so, ó jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé ìsàlẹ̀ ọjà: Ìyá Ndagi tó ń jẹ oògùn aboyún. Obìnrin tó ti ń bu oúnjẹ fún gbogbo agbo ilé láti ogójì ọdún, kí ọmọdé má sùn lébi, ni wọ́n wá ń pè ní wọ̀bìà.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, Ìyá Ndagi dé. Òun nìkan ni, Àsàmáù nìkan ló sì wà nínú ilé. Ó tú ewé kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Hóró mẹ́ta wà nínú rẹ̀, àwọ̀ wọn ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n odidi ni wọ́n, ẹyọ kan kò kán.

"Níbo lẹ ti rí èyí, Màmá?"

"Nínú póò ìyàwó mi."

Àsàmáù fa ọwọ́ tó ti nà sí hóró náà padà.

"Mo ra póò tuntun," ni Ìyá Ndagi wí. "Èmi fúnra mi ni mò ń fi oògùn sí i lẹ́nu, mà á ní kó gbé ahọ́n sókè, kí n rí i pé ó ti wọlé. Tó bá ti yàgbẹ́, mà á mú igi, mà á tú u. Ọjọ́ mẹ́ta, hóró mẹ́ta. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ má bẹ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, Nọ́ọ̀sì. Mo fi ọwọ́ mi wọ inú ìgbẹ́ nítorí orúkọ mi."

Ẹ̀rín kọ́ lọ̀rọ̀ náà. Àsàmáù mú hóró tuntun kan láti orí pẹpẹ, ó fún ọsàn sínú ife, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó jù ú sí i. Àwọn méjèèjì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Wákàtí kan pé. Ó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, hóró náà ta pọ́ún, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀sẹ̀ méje ni Toyyibat ti ń gbé òkúta mì nínú oyún, Àsàmáù ló sì fi lé e lọ́wọ́.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Màmá. Mo ṣẹ̀ yín."

"Ta ló tà á fún yín?"

Àsàmáù na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ń wá hóró tó yí lọ.

"Mo ní ta ló tà á?"

Orúkọ náà dé ẹnu rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. Bàbá ni yóò dà bí ẹni pé òun ń dárúkọ. Ìyá Ndagi ká ewé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ó dáa. Níwájú ogún obìnrin lo ti bú mi. Nínú yàrá lo ti ń bẹ̀ mí." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò sọ "o" sí i rí, "ẹ" ló máa ń jẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó sì jáde lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àsàmáù wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin. Ó dúró níwájú pẹpẹ apòògùn kan tó máa ń fi sùúrù dáhùn ìbéèrè, ó ń ka ara ike lẹ́yìn ike títí ojú fi ń ro ó. Ọmọ tó ń tajà bi í bóyá kò fẹ́ èyí tó lẹ́wà. Ó ní rárá, òun ń wá èyí tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó yàn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n kuru, kò dán, kò ṣèlérí nǹkan kan ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ní ilé, ó yọ́ nínú ọsàn kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Ààyè àti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kò sí. Ó gbé e mì fúnra rẹ̀ lálẹ́, ó gbé e lọ fún Toyyibat láàárọ̀, lẹ́yìn náà ló ń wọ ilé dé ilé, ó ń gba hóró pupa lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé òun ti rí èyí tó sàn jù ú lọ. Kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe òótọ́ náà.

Ó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Wọ́n kọ ÒGÚNTÚNDÉ gàdàgbà sí iwájú ilé ìtajà náà. Ọpẹ́ wo ife ọsàn tí Àsàmáù gbé ka iwájú rẹ̀, tí hóró pupa wà nínú rẹ̀ láìyọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò kàn mọ̀ ni.

"Àǹtí, àwọ̀ rẹ̀ làwọn èèyàn fẹ́ràn, ni mo ṣe ń rà á. Ta ni ì bá kọ́ mi ní ti ọsàn? Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí Bàbá kú. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́, kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Gbogbo àsìkò tó fi ń sọ ìtàn Bàbá fún ará Èsìẹ́, kò rántí wá ọmọ Bàbá lọ kó sọ ọ́ fún un. Ọpẹ́ kó páálí náà kúrò lórí igbá lójú rẹ̀, ó ní òun á dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ wa. Orúkọ Bàbá ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn."

Kò ṣèlérí, kò sì kọ̀. Ó kàn gbé e dìde, ó sì wọkọ̀ padà sílé.

Ọjọ́ karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, Toyyibat sáré wọ ilé ìgbẹ̀bí, ó ń mí hẹlẹ. "Mà! Ó ti dúdú!" Àsàmáù fò mọ́ ọn, wọ́n jọ jó. Ẹni tó bá kọjá níta á rò pé wọ́n ya wèrè. Ẹ̀jẹ̀ náà di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Síbẹ̀ Àsàmáù kò gbà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà ìrọbí. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òmù-Àrán, Ndagi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é. Wọn kò lò ó. Ó bí ọmọbìnrin, ẹ̀jẹ̀ tó dà kò pọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Àáfà ṣàdúà tán, wọ́n pè é ní Inúmidùn, àwọn obìnrin ọjọ́rú sì jókòó sórí ẹní, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Ìyá Ndagi ló jókòó ti ìkòkò, ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ìyàwó kékeré kan rẹ́rìn-ín, ó ní: "Toyyibat, fi oògùn rẹ pamọ́ o, àwọn àgbà ń wò ó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣíbí Ìyá Ndagi dúró lókè. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ń ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Àsàmáù wo ọbẹ̀ tó ń ta sílẹ̀ yẹn. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó di ọ̀la, obìnrin yìí á gbé orúkọ náà wọ sàréè ni.

Ó dìde dúró láàárín ẹní. "Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ndagi kò jẹ oògùn ẹnikẹ́ni. Oògùn tí mo fún yín ni kò dára. Èmi ló jẹ̀bi."

"Àwọn tó wà nídìí iná kò gbọ́," ni Ìyá Ndagi wí, kò ṣíjú kúrò nínú ìkòkò.

Àsàmáù gbé ohùn sókè. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: hóró pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, póò. Ó ní inú póò ni Màmá ti rí òótọ́ tí òun nọ́ọ̀sì kò fẹ́ rí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló tà á fún ọ?" ni Ìyá Ndagi bèèrè.

Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ni, ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọ Bàbá Ògúntúndé, ọ̀gá mi. Torí mo fẹ́ràn bàbá rẹ̀, mi ò dán an wò." Ó sunkún níwájú gbogbo wọn, ẹkún tí kò ráyè sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Ìyá Ndagi gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó mú àwo ńlá kan, ó bu ìrẹsì sí i, ó wá inú ìkòkò títí, ó fi ẹran méjì lé e, ó tún fi ẹ̀kẹta kún un.

"Ẹ jókòó, Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Ẹ jẹun kó tó tutù."